Kédárì funfun fún bọ́ńsáì: ti inú igbó, ti àfiṣọgbà, tàbí ti nọ́sìrì?

Ẹni tó bá fẹ́ fi kédárì funfun ṣe bọ́ńsáì, ìyẹn igi tí a ń tọ́ ní kékeré sínú abọ́, máa ń kọ́kọ́ béèrè ibi tó ti lè rí igi tó dára. Ibi mẹ́ta ló wà tí a ti ń rí i: inú igbó, ọgbà tí wọ́n fi igi yí ilé ká, àti nọ́sìrì tí wọ́n ti ń tà á nínú ike. Mo máa fi wọ́n wéra fún yín, ẹ ó sì mọ èyí tí mo fẹ́ràn jù. Ṣùgbọ́n ohun kan ń dùn mí nípa bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń yan igi yìí. Orí ni wọ́n ń wò. Wọ́n á rí ewé tó kún, ẹ̀ka tó pọ̀, ara tó lọ́, wọ́n á sì sanwó. Ní ti kédárì funfun, ìdí ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Gbòǹgbò tí ẹ bá bá lọ́wọ́ igi lọ́jọ́ tí ẹ gbé e wálé ló máa sọ ẹ̀ka tí yóò kù fún yín lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

Igi tí mò ń sọ ni Thuja occidentalis. Kì í ṣe kédárì Lẹ́bánónì inú Bíbélì. Ẹbí sípírẹ́sì ni. Ilẹ̀ rẹ̀ ni ìlà oòrùn Kánádà àti apá àríwá ìlà oòrùn Amẹ́ríkà: Ontario, Quebec, Maine, Vermont, Michigan, Wisconsin, Minnesota. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbé ní Toronto, Chicago tàbí Minneapolis ń kọjá lára rẹ̀ lójoojúmọ́. Ó lè fara da òtútù tó tó 40 ní ìsàlẹ̀ òdo, ó sì nílò òtútù lọ́dọọdún kó tó lè sinmi dáadáa. Nítorí náà, ẹni tó wà ní Ìbàdàn tàbí Kútọnu kò ní rí i tọ́jú pẹ́. Èyí tó jọ ọ́ tí àwọn tó ń ta òdòdó ń tà nílé, ìbátan rẹ̀ láti Éṣíà ni, ìtọ́jú rẹ̀ sì yàtọ̀.

Gbòǹgbò kan, ẹ̀ka kan

Lọ́dún 1988, Doug Larson àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Guelph rí i pé àwọn kédárì kúkúrú tó rọ̀ mọ́ ojú àpáta Niagara Escarpment ní Ontario kì í ṣe ọmọ igi rárá. Àwọn kan nínú wọn ti lé ní 1,000 ọdún. Nínú ihò òkúta tí erùpẹ̀ kò ti kún ìkúùkù ni wọ́n ti ń gbé, tí ara wọn kì í sì í fẹ̀ tó mílímítà kan lọ́dún.

Wọ́n fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fún gbòǹgbò wọn ní aró mu. Aró tí gbòǹgbò kan mu gba ojú ọ̀nà tirẹ̀ gòkè, kò tàn ká ara igi. Ohun tí èyí sọ ni pé gbòǹgbò kọ̀ọ̀kan ló ní apá igi tó ń bọ́. Bí òkúta bá ya lulẹ̀ tó sì fa gbòǹgbò kan já, ẹ̀ka tó wà lókè rẹ̀ yóò kú, èèpo tó wà láàárín àwọn méjèèjì náà yóò gbẹ, apá ìyókù á sì máa bá ayé rẹ̀ lọ. Igi ń kú lápá kan, ó ń wà láàyè lápá kejì, ọgọ́rùn-ún ọdún á sì máa gorí ara wọn.

Fún àwa tí a ń gbé igi sínú abọ́, ọ̀rọ̀ yìí ni ìpìlẹ̀. Ẹ gé gbòǹgbò ńlá kan lápá òsì, ó ṣeé ṣe kí ẹ pàdánù ẹ̀ka apá òsì tí ẹ tìtorí rẹ̀ ra igi. Ọ̀nà náà kì í sì í fìgbà gbogbo gòkè tààrà. Bí ara igi bá lọ́, ọ̀nà omi náà á lọ́ tẹ̀ lé e, tó fi jẹ́ pé gbòǹgbò ẹ̀yìn lè máa bọ́ ẹ̀ka iwájú. Ẹ fi ìka tọ ìlà èèpo láti ìsàlẹ̀ dé òkè kí ẹ tó fi ayùn kan ohunkóhun. Ibi tí ìlà yẹn bá já sí, ibẹ̀ ni ẹ̀ka yín wà.

Ti inú igbó

Kédárì inú igbó kì í ṣe ẹyọ kan. Ti àbàtà wà, ti orí òkúta ẹfun sì wà. Ẹni tó bá kà wọ́n sí ọ̀kan náà ni yóò pa igi.

Ti àbàtà ń gbé nínú mọ́ọ̀sì, ewéko kúkúrú rírọ̀ tó ń bo ilẹ̀ tútù, omi sì wà nítòsí. Gbòǹgbò rẹ̀ kì í jìn. Ńṣe ló ń tẹ́ bí ẹní sábẹ́ mọ́ọ̀sì, àwọn wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ sì sábà máa ń sún mọ́ ara igi. Orí ìtì igi tó ti rà ni ọ̀pọ̀ wọn ti hù, ìdí wọn a sì máa tẹ̀ tàbí kó na ẹsẹ̀ jáde. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú àbàtà ni igi tó ti ṣubú ṣùgbọ́n tí kò kú: àwọn ẹ̀ka tó dojú kọ ojú ọ̀run á dìde dúró, wọ́n á di igi kéékèèké tí wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn, ara tó sùn sílẹ̀ á sì ta gbòǹgbò tuntun sínú mọ́ọ̀sì. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ aró: ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ lè ti ní gbòǹgbò tirẹ̀ nítòsí. Ẹ lè gé ara tó sùn náà sí ìwọ̀n tí ẹ fẹ́, kí ẹ sì tún ní igbó kékeré kan nínú abọ́ kan. Kò sí oríṣi kédárì funfun mìíràn tó ń dárí ji ẹni tó ń wà á tó bẹ́ẹ̀.

Ti orí òkúta ẹfun ni àwọn ènìyàn ń lá àlá rẹ̀. Ara rẹ̀ gbòòrò nísàlẹ̀, ó tín-ín-rín lókè, egungun funfun, ìyẹn ibi tí igi ti gbẹ tí èèpo ti ṣí, ti yọ lára rẹ̀, afẹ́fẹ́ ti tẹ̀ ẹ́ ba. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ ti gba inú pàlàpálá òkúta lọ jìnnà kó tó rí omi, àwọn wẹ́wẹ́ tó ń mu omi sì wà lọ́hùn-ún tí ọwọ́ kò tó. Bí ẹ bá fà á, orí àti ìdí nìkan ni ẹ gbé wálé. Ìmọ̀ràn mi kò ní àdàlù: ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n wà ni òfin ń dáàbò bò, bí ọgbà ìjọba Bruce Peninsula. Niagara Escarpment fúnra rẹ̀ sì ti wà lábẹ́ orúkọ ibi ìpamọ́ ẹ̀dá tí UNESCO mọ̀ láti 1990. Yàtọ̀ sí òfin, igi tó ti lo 400 ọdún lójú àpáta kò yẹ kó wá kú sínú àpótí pákó lẹ́yìnkùlé ẹnikẹ́ni.

Ti àbàtà náà kì í ṣe ohun tí ẹ kàn lè wọ inú igbó lọ wà. Ẹni tó ni ilẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Bó bá jẹ́ igbó ìjọba, ọ́fíìsì tó ń bójú tó igbó náà ló máa sọ bóyá wọ́n ń fúnni níwèé àṣẹ tàbí wọn kì í fúnni. Ní Michigan àti Wisconsin, àgbọ̀nrín ń jẹ ọmọ kédárì tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tuntun kò fi rọrùn láti dìde ní ọ̀pọ̀ ibi, nítorí náà àwọn tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ohun à ń ṣòfò. Bákan náà, láàárín àwọn Anishinaabe, ọmọ onílẹ̀ àtijọ́ ní agbègbè yìí, kédárì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ewé mímọ́ mẹ́rin, pẹ̀lú tábà, seji àti koríko olóòórùn dídùn. Kédárì arúgbó kan wà létí adágún Superior ní Grand Portage ní Minnesota, tí wọ́n ń pè ní Manidoo-giizhikens, tí àwọn ọmọ ilẹ̀ náà fúnra wọn ń ṣọ́. Ọmọ Yorùbá tó mọ bí a ṣe ń bu ọ̀wọ̀ fún ìrókò kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Kí ẹ sì má rò pé nítorí ó jẹ́ ewé mímọ́, ẹ lè gbo ó sí àgbo mu: májèlé wà nínú òróró ewé rẹ̀.

Bí ẹ bá ti gba àṣẹ, àkókò rẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé, nígbà tí yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ́ nínú ilẹ̀, kí ṣónṣó ewé tó bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. Ẹ gé mọ́ọ̀sì yí ká, kí ẹ gbé gbogbo ẹní gbòǹgbò náà jáde. Ẹ má fọ̀ ọ́ tán. Ẹ fi èyí tó wà láàárín sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ gbé e sínú àpótí pákó, kí ẹ fi òkúta pumice wẹ́wẹ́ dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi mọ́ọ̀sì sphagnum bo ojú rẹ̀. Ẹ dè é mọ́lẹ̀ kó má lè mì. Ẹ wá òjìji fún un fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ máa fi omi wọ́n ewé rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ dúró. Kédárì tó ti kú lè wà ní tútù fún ọ̀pọ̀ oṣù, nítorí náà ewé tó ṣì tutù kò túmọ̀ sí pé igi gbà. Àmì tó dájú ni ṣónṣó tuntun tó mọ́lẹ̀ ju ewé àtijọ́ lọ, tó sì ń gùn sí i. Títí dìgbà yẹn, kò sí gígé, kò sí wáyà tí a fi ń tẹ ẹ̀ka. Ọdún 2 ni mo máa ń sọ fún ènìyàn, ọdún 3 bó bá jẹ́ pé gbòǹgbò kò pọ̀.

Ti àfiṣọgbà

Èyí ni mo fẹ́ràn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń ṣe bọ́ńsáì kì í sábà yìn ín. Jákèjádò Ontario, Quebec àti àwọn ìpínlẹ̀ àríwá Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń fi igi yìí ṣọgbà. Lẹ́yìn ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún, onílé á fẹ́ tún ilé ṣe, ọgbà á di ìdènà, àwọn òṣìṣẹ́ á wá fi ẹ̀rọ wọ́ ọ tu, wọ́n á sì kó o dànù. Igi tí ara rẹ̀ ti tó apá ọkùnrin ni ẹ ń wò yẹn, ọ̀fẹ́ sì ni fún ẹni tó bá tètè béèrè. Kò sí ẹni tí ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí igbó tí ẹ bàjẹ́.

Àléébù rẹ̀ méjì ni. Àkọ́kọ́, inú rẹ̀ ṣófo. Ọdún lọ́nà ọdún ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ gé ojú rẹ̀ tẹ́jú, gbogbo ewé ti sá síta lọ síbi tí oòrùn wà, ẹ̀ka inú sì ti gbẹ. Kédárì funfun kì í hùwé lára igi àtijọ́ tó ti pá. Ẹ gé e kọjá ibi tí ewé tútù parí sí, ẹ̀ka yẹn ti lọ nìyẹn. Nítorí náà, bí ẹ bá débi ọgbà kan, ẹ má dúró níwájú rẹ̀. Ẹ wọ abẹ́ rẹ̀ lọ, kí ẹ wá igi tó ní ẹ̀ka tútù nísàlẹ̀, nítòsí ara. Àwọn tó wà ní ìkángun ọgbà ló sábà máa ń ní in, nítorí oòrùn ń kàn wọ́n lápá mẹ́ta.

Bí onílé bá lè dúró fún yín, ẹ gé orí igi náà sí ìdajì ní ọdún kan ṣáájú kí ẹ tó wà á. Ìmọ́lẹ̀ á wọlé, àwọn ọ̀mùnú kéékèèké tó wà lára ẹ̀ka inú á sì lágbára. Ọdún kan péré lè sọ igi tí kò wúlò di igi tó wúlò.

Àléébù kejì wà nísàlẹ̀. Nítorí pé wọ́n gbìn wọ́n sún mọ́ ara wọn, gbòǹgbò wọn sábà máa ń jáde sí apá méjì nìkan, iwájú àti ẹ̀yìn ọgbà. Ẹ̀ka tó wà lápá tí igi kejì dí kò ní gbòǹgbò gidi lábẹ́ rẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, wọ́n ti gbìn ín jìn jù, tó fi jẹ́ pé ìdí gidi wà lábẹ́ erùpẹ̀. Ẹ fọwọ́ gbẹ́ ilẹ̀ títí tí ẹ ó fi rí ibi tí gbòǹgbò àkọ́kọ́ ti yà kí ẹ tó pinnu ohunkóhun. Níbi tí mo bá ti rí gbòǹgbò mẹ́ta tó yà sí ọ̀nà mẹ́ta, mo máa ń mú igi yẹn kódà bí orí rẹ̀ kò bá wù mí.

Ẹ pe 811 kí ẹ tó wa ilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kí wọ́n wá sàmì sí ibi tí wáyà iná àti páìpù gáàsì gbà. Ontario náà ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irú rẹ̀. Ọgbà máa ń tẹ̀ lé ààlà ilẹ̀, ààlà ilẹ̀ sì ni wọ́n sábà máa ń gbé àwọn nǹkan wọ̀nyí gbà.

Ti nọ́sìrì

Ó rọrùn, ó wà nígbà gbogbo, gbòǹgbò rẹ̀ sì wà nínú ike ní pípé. Fún ẹni tí kò tíì ṣe bọ́ńsáì rí, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí igi tó bá kú lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní jẹ́ igi tí ọjọ́ orí rẹ̀ ju ti bàbá rẹ̀ lọ.

Orúkọ tí ẹ máa rí jù ni 'Smaragd', tí wọ́n tún ń tà ní Emerald Green. Ọmọ Dẹ́ńmáàkì ni. Àwọ̀ rẹ̀ kì í pa dà nígbà òtútù, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ewé rẹ̀ dúró ṣánṣán bí ìwé inú àpótí. Ohun tó mú un dára fún ọgbà ni kò jẹ́ kó wù mí fún bọ́ńsáì: ara rẹ̀ tọ́ gbọnrangandan láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kò fẹ̀ nídìí, àwọn ẹ̀ka rẹ̀ sì ń fẹ́ gòkè ṣáá. 'Nigra' àti 'Techny' sàn jù ú lọ lójú tèmi, nítorí ẹ̀ka wọn ń yà síta. Àwọn kúkúrú róbótó bí 'Danica', 'Hetz Midget' àti 'Little Giant' ní ewé tó wẹ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀pá tín-ín-rín ló jọ ń jáde láti ìdí kan, ó sì máa ń pẹ́ gan-an kí èyíkéyìí nínú wọn tó sanra. Mo máa lò wọ́n fún abọ́ kékeré tó ṣeé gbé dání, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní nọ́sìrì náà, ẹ ki ìka bọ inú erùpẹ̀ ike. Gbòǹgbò tó ti yí ara rẹ̀ ká bí okùn inú garawa yóò di ìṣòro lọ́jọ́ iwájú, nítorí gígé ni ẹ máa gé e, gígé rẹ̀ sì lè mú ẹ̀ka lọ. Ẹ yan èyí tí okùn náà kò tíì le.

| | Àbàtà | Àfiṣọgbà | Nọ́sìrì |
|---|---|---|---|
| Gbòǹgbò | tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sún mọ́ ara | apá méjì ló pọ̀ sí | pé, ṣùgbọ́n ó lè ti yí po |
| Ara igi | ó tẹ̀, ó ní ìtàn | ó sanra, ó tọ́ | ó tín-ín-rín, ó tọ́ |
| Ewé nítòsí ara | díẹ̀ | ó ṣọ̀wọ́n | púpọ̀ |
| Kí ẹ tó fi wáyà sí i | ọdún 2 sí 3 | ọdún 2 | ọdún kan náà |

Ọ̀nà kẹrin wà tí mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ní ìgbà ìrúwé, àwọn ilé iṣẹ́ ìdáàbòbò ilẹ̀ àti omi ní Michigan, Minnesota àti Ontario máa ń ta ọmọ kédárì ní ìdìpọ̀ láìsí erùpẹ̀ lára. Owó wọn kò tó nǹkan. Ẹni tó bá lè fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sílẹ̀ lè fi wáyà yí ara wọn láti kékeré, kó sì na gbòǹgbò wọn sí gbogbo ọ̀nà lórí pákó pẹlẹbẹ. Igi bẹ́ẹ̀ kò ní ẹ̀gbẹ́ aláìlera kankan.

Ṣé kí ẹ yan òun, tàbí junípà, tàbí hínókì?

Junípà shimpaku ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ́ bọ́ńsáì. Ewé rẹ̀ ń kóra jọ bí ìdì kékeré, ó rọrùn láti tò ó kó rí bí ìkùukùu, igi rẹ̀ sì le. Ó tún ń fara da ọ̀dá ju kédárì funfun lọ. Kédárì fẹ́ omi, kì í fẹ́ kí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ tán. Hínókì ilẹ̀ Japan ní ewé pẹlẹbẹ bíi ti kédárì, tirẹ̀ sì lẹ́wà jù, ó ki jù. Ṣùgbọ́n hínókì kì í tún hùwé pa dà lára ẹ̀ka àtijọ́ bó ti wù kó rí, kédárì funfun sì máa ń gbìyànjú níwọ̀n ìgbà tí ewé díẹ̀ bá ṣì wà. Kò sì sí èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì tó lè sùn síta nígbà òtútù Minnesota tó bíi tirẹ̀. Bí ẹ bá ń gbé níbi tí yìnyín ti ń pẹ́, tí ẹ kò sì ní ilé tútù tí ẹ lè kó igi sí, ìdáhùn ti wà níbẹ̀.

Ewé ni ibi tó ti rẹlẹ̀ sí wọn. Ó tóbi díẹ̀, ó tẹ́ bí abẹ̀bẹ̀, ó sì ń rọ̀ sílẹ̀. Bọ́ńsáì rẹ̀ kì í pẹ́ rí wúruwùru bí a kò bá tọ́jú rẹ̀.

Ọwọ́ tàbí àlùmọ́gàjí

Àwọn kan máa ń fi ìka já gbogbo ṣónṣó ewé kédárì jákèjádò ìgbà ooru, kí orí rẹ̀ lè máa mọ́ roboto. Ó ń dára lójú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ṣùgbọ́n ṣónṣó yẹn ni agbára igi wà. Ẹni tó bá ń já gbogbo rẹ̀ léraléra ń sọ igi di aláìlera ni, ewé inú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú nítorí pé òkìtì tó ki ti dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ ọn.

Àlùmọ́gàjí ni mo fara mọ́. Ẹ jẹ́ kí ṣónṣó gùn, kó fún gbòǹgbò rẹ̀ lágbára. Nígbà tí ìdàgbàsókè àkọ́kọ́ bá ti le, ẹ wọ inú rẹ̀ lọ, kí ẹ gé èyí tó gùn jù pa dà sí ibi tí abẹ̀bẹ̀ kékeré kan ti yà. Ẹ gé àárín abẹ̀bẹ̀ ńlá, kí ẹ fi àwọn ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ewé ṣe ń wẹ́ sí i. Ẹ mú gbogbo èyí tó ń rọ̀ sábẹ́ ẹ̀ka kúrò àti èyí tó há sí oríta ẹ̀ka, kí abẹ́ lè mọ́ tónítóní. Ẹ̀ka tó bá lágbára jù, ẹ gé e dáadáa. Èyí tí kò lágbára, ẹ má fọwọ́ kàn án ní ọdún yẹn. Nítorí ọ̀nà omi tó yà sọ́tọ̀, gígé ẹ̀ka kan kò ní fi bẹ́ẹ̀ mú kí èkejì lágbára. Ìmọ́lẹ̀ ló ń ṣe ìyẹn.

Ohun kan máa ń já ènìyàn láyà. Nígbà ìwọ́wé, ewé inú á pọ́n, á gbẹ, á sì já bọ́. Kì í ṣe àrùn. Bí igi yìí ṣe ń sọ ewé àtijọ́ sílẹ̀ nìyẹn, odindi ẹ̀ka wẹ́wẹ́ ló ń jù nù. Ẹ fọwọ́ gbọ̀n wọ́n dànù. Bó bá jẹ́ ṣónṣó ìta ló ń pọ́n, ẹ wá kòkòrò tó ń gbẹ́ inú ewé, tàbí kí ẹ wo gbòǹgbò.

Ní ti wáyà, ẹ̀ka rẹ̀ rọ̀ nígbà èwe, ó ṣeé tẹ̀. Àmọ́ ó máa ń fẹ́ pa dà síbi tó wà, nítorí náà wáyà gbọ́dọ̀ pẹ́ lára rẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ, ẹ ó sì máa yẹ̀ ẹ́ wò kó má baà jẹ wọ inú èèpo. Ìrókò ni wọ́n pa á mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kédárì náà ni: kékeré la ti ń pẹ̀ka rẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ ẹ̀ka sílẹ̀, ẹ yí abẹ̀bẹ̀ ewé kọ̀ọ̀kan kí ojú rẹ̀ kọ sókè. Iṣẹ́ yìí ló ń gba àkókò jù, òun náà ló sì ń ya bọ́ńsáì kédárì gidi sọ́tọ̀ sí igbó inú abọ́.

Ibi tí igi ti gbẹ wá ńkọ́? Junípà le jù ú, tòótọ́ ni, àmọ́ igi kédárì funfun kì í tètè rà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ṣe òpó ọgbà àti egungun ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi èèpo igi bò. Nítorí náà, ẹ má bẹ̀rù láti fi egungun rẹ̀ hàn. Kí ẹ sì má gbẹ́ èyí tí igi kò sọ. Ìlà tó ti kú lára rẹ̀ ń tọ́ka sí gbòǹgbò tó ti kú. Ẹ tẹ̀ lé e, egungun tí ẹ bá ṣí níbẹ̀ á bá ara igi mu. Bí ẹ bá ṣí èèpo tó wà láàyè nítorí ẹwà, ẹ̀ka kan lókè lè san gbèsè rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ fi lime sulfur, omi aláwọ̀ òrómbó tó ní súfúrù àti ẹfun nínú, kun egungun náà lọ́dún méjì-méjì, pàápàá níbi tó ti kan erùpẹ̀.

Abọ́, àti ìgbà òtútù

Ẹ má gbé e sínú abọ́ pẹlẹbẹ títí ẹ ó fi rí gbòǹgbò wẹ́wẹ́ tó kún àpótí. Pumice àti akadama, ìyẹn amọ̀ wórówóró láti Japan, tí a pò mọ́ra, pẹ̀lú mọ́ọ̀sì díẹ̀ fún ibi tí oòrùn ti mú, ti tó. Ní ọjọ́ pípààrọ̀ abọ́, ìdajì erùpẹ̀ àtijọ́ ni kí ẹ mú kúrò, ìdajì kejì di ìgbà mìíràn. Bí ẹ bá fẹ́ gé gbòǹgbò ńlá tó dí yín lọ́wọ́, ẹ fi ìka tọ ìlà rẹ̀ gòkè ná. Bó bá já sí ẹ̀ka tí ẹ kò lè ṣe aláìní, ẹ máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ lọ́dún bí mélòó kan, kí àwọn wẹ́wẹ́ lè hù nítòsí ara kó tó kúrò pátápátá.

Kì í ṣe igi inú pálọ̀. Ìta ni ilé rẹ̀ látọdún dé ọdún. Nígbà òtútù, ewé rẹ̀ á pa dà sí àwọ̀ idẹ, á sì tún tutù nígbà ìrúwé. Ẹ gbé abọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kúrò lójú afẹ́fẹ́, kí ẹ fi èèpo igi gígé bo abọ́ náà títí dé ìdí igi. Ẹ bomi rin ín kí ilẹ̀ tó dì. Kí ẹ sì ta àwọ̀n yí i ká, àwọ̀n tó ga ju ọrùn àgbọ̀nrín lọ, nítorí ní oṣù Kejì, nígbà tí ebi bá ń pa wọ́n, kédárì ni oúnjẹ tí wọ́n ń wá kiri, iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá sì lè tán lẹ́nu àgbọ̀nrín kan kí ilẹ̀ tó mọ́.